Ọ̀bẹ Kò Parí Iṣẹ́: Ìsanrajù, Iṣẹ́ Abẹ àti Ìtọ́jú Ara Lẹ́yìn Rẹ̀



1. Ìfáàrà

Ó ṣeé ṣe kí ó ya àwọn kan nínú yín lẹ́nu pé èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ ìmọ̀ èdè ni mo dìde láti sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ abẹ. Èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ìdí méjì ni mo fi yan orí-ọ̀rọ̀ yìí. Èkíní ni pé èdè wa ti ṣe ìdájọ́ lórí ara sísan láti ọjọ́ pípẹ́, ìdájọ́ náà sì ń ṣe àkóbá fún àwọn tí ó ń gba ìtọ́jú. Èkejì ni pé èmi fúnra mi ni aláìsàn tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Ní ọdún 2013, nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi nítorí ìsanrajù. Kílò 138 ni mo wọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Lẹ́yìn oṣù 18, mo wọn kílò 96. Bí mo bá dá ìtàn náà dúró síbẹ̀, ìtàn ìṣẹ́gun ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí gan-an ni mo wá sọ.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn ni èyí: kí ni ó ń mú kí ìwọ̀n ara ènìyàn lọ sílẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, kí sì ni ó lè dá ìsanra náà dúró kí ó má padà wá? Èrò mi ni pé ọ̀bẹ oníṣègùn kì í parí iṣẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú tí yóò wà títí ọjọ́ ayé ni. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá sì tún ń gòkè lẹ́yìn rẹ̀ kò dá ẹ̀ṣẹ̀ kankan tí ó fi yẹ kí ó máa sá fún dókítà.

2. Ohun tí èdè wa ń wí nípa ara sísan

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí Yorùbá bá pàdé ẹni tí wọ́n ti rí tipẹ́, tí ara rẹ̀ kún, wọn a ní, 'O mà ti sanra o! Ara tù ọ́.' Ìyìn ni. Bí ara rẹ̀ bá ti fúyẹ́, wọn a ní, 'Kí ló dé tí o rù báyìí? Ṣé kò sí nǹkan?' Ìkẹ́dùn ni. Ọ̀rọ̀-ìṣe yìí, rù, kò ya ẹni tí àìsàn tàbí ìyà mú ara rẹ̀ gbẹ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó mọ̀ọ́mọ̀ dín ìsanra rẹ̀ kù. Ẹni tí ó bá rù, àánú rẹ̀ ni à ń ṣe.

N kò bá àwọn baba wa wí. Àwọn ni wọ́n ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Níbi tí ìyàn ti lè mú, tí oúnjẹ lè wọ́n láàárín òjò kan sí èkejì, ẹran ara ni ẹ̀rí pé nǹkan ń dára fún ènìyàn. Ṣùgbọ́n àkókò ti yí padà. Oúnjẹ tí a fi ọ̀rá àti ṣúgà sè ti pọ̀ ní gbogbo ìgboro, iṣẹ́ àjókòóṣe sì ti gba ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ oko. Ìsanra tí ó jẹ́ àmì ìtura tẹ́lẹ̀ ti di ọ̀nà tí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn, àrùn oríkèé àti irú àwọn jẹjẹrẹ kan ń gbà wọlé.

Níbo wá ni ìsanra ti di ìsanrajù? Ìṣirò tí àwọn oníṣègùn ń lò wá láti ọwọ́ Adolphe Quetelet, onímọ̀ ìṣirò ará Bẹ́ljíọ̀m, láàárín ọdún 1830 sí 1840. A ó sọ gíga ènìyàn ní mítà di ìlọ́po ara rẹ̀, a ó sì fi pín ìwọ̀n rẹ̀ ní kílò. Bí iye tí a rí bá tó 30, ìsanrajù ni; bí ó bá tó 40, ó ti le gan-an. Gíga mi jẹ́ mítà 1.72, iye tèmi sì lé ní 46. Ìṣirò yìí ní àléébù, nítorí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọ̀rá àti ẹran ara líle. Síbẹ̀, òun ni a fi ń pinnu ẹni tí iṣẹ́ abẹ tọ́ sí. Ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi ẹnu kò pé kí iye náà tó 40, tàbí kí ó tó 35 bí àrùn mìíràn bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Ní ọdún 2022, àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́-abẹ fún ìsanrajù sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 35, àní sí 30 fún àwọn tí ó ní irú àrùn bí àtọ̀gbẹ.

3. Bí iṣẹ́ abẹ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1954, Arnold Kremen, John Linner àti ẹlẹgbẹ́ wọn kan ní Minnesota, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí ipa tí apá kọ̀ọ̀kan ìfun kékeré ń kó nínú gbígba oúnjẹ sára. Láti inú irú ìmọ̀ yìí ni àwọn oníṣẹ́-abẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀nà àbùjá fún oúnjẹ, kí ó lè fo èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìfun kékeré. Ìwọ̀n àwọn aláìsàn lọ sílẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru, òkúta inú kíndìnrín àti ìbàjẹ́ ẹ̀dọ̀ tẹ̀lé e. Nígbẹ̀yìn, wọ́n pa ọ̀nà náà tì. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn: kí ìwọ̀n lọ sílẹ̀ nìkan kò tó, ẹni tí ó fúyẹ́ náà gbọ́dọ̀ lè gbé ayé pẹ̀lú ìlera.

Ní ọdún 1966, Edward Mason àti Chikao Ito ní Yunifásítì Iowa gba ọ̀nà mìíràn. Mason ti ṣàkíyèsí pé àwọn tí a gé púpọ̀ nínú àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú kì í tètè sanra mọ́. Àpòlúkù ni àpò tí oúnjẹ kọ́kọ́ ń bọ́ sí bí a bá gbé e mì. Wọ́n wá fi èyí tí ó kéré ní òkè àpò náà ṣe àpò tuntun, wọ́n sì so ó mọ́ ìfun. Irú èyí, lẹ́yìn àtúnṣe, ni wọ́n ṣe fún mi. Àpò tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, oúnjẹ sì ń ti inú rẹ̀ bọ́ sí ìsàlẹ̀ ìfun láìgba ibi tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀.

Irú kejì, tí ó wọ́pọ̀ jù lọ ní àgbáyé lónìí, ni kí a gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, kí èyí tí ó kù rí gbọọrọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Wọn kò fọwọ́ kan ìfun nínú irú èyí. Méjèèjì ni a sábà ń fi ihò kéékèèké ara ikùn ṣe báyìí, láìla ikùn gbọọrọ. Ewu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó bí ọ̀pọ̀ ti rò: nínú ìwádìí ńlá kan tí a tẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, nǹkan bí ènìyàn mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ni ó kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ sí iṣẹ́ abẹ náà.

4. Ọ̀rọ̀ ebi

Àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí rò pé ọ̀rọ̀ náà kò ju ti igbá kékeré tí kì í gba ọkà púpọ̀ lọ. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé ó jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí a tó lè lóye rẹ̀, a ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ebi ń ṣe fún ẹni tí ó dín oúnjẹ kù láìsí iṣẹ́ abẹ.

Ní ọdún 1944 sí 1945, Ancel Keys ní Yunifásítì Minnesota kó ọ̀dọ́mọkùnrin 36 jọ, àwọn tí ẹ̀rí-ọkàn wọn kò gbà fún láti lọ jagun, tí wọ́n sì yọ̀ǹda ara wọn. Fún oṣù mẹ́fà, ó dín oúnjẹ wọn kù sí nǹkan bí ìdajì, títí wọ́n fi pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara wọn. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ gba ọkàn wọn tọ̀sán-tòru. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé ìdáná jọ. Nígbà tí a tú wọn sílẹ̀, àwọn kan jẹun títí inú wọn fi ń dùn wọ́n, síbẹ̀ wọn kò yó. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀jẹun. Ará líle ni wọ́n, onínú-ìre ni wọ́n. Ara wọn ni ó ń béèrè ohun tí a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́: ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ní ọdún 1999, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa ní ilẹ̀ Jàpáànì rí ọ̀kan nínú àwọn ońṣẹ́ tí ń jẹ́ iṣẹ́ ebi náà. Họ́mọ̀nù ni, ghrelin ni orúkọ rẹ̀. Inú àpòlúkù ni ó ti ń jáde jù, ẹ̀jẹ̀ ni ó sì ń bá lọ sí ọpọlọ. Ó máa ń pọ̀ kí a tó jẹun, a sì dínkù lẹ́yìn oúnjẹ. Ní ọdún 2002, David Cummings àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle fi hàn pé bí ènìyàn bá fi ìjẹun díẹ̀ dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ghrelin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a pọ̀ sí i. Ara a máa pariwo pé wọ́n ti jà á lólè. Ṣùgbọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí a ti la ọ̀nà tuntun fún oúnjẹ wọn, ó kéré jọjọ. Àwọn ìwádìí tí ó tẹ̀lé e kò fohùn ṣọ̀kan lórí ghrelin lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí. Ohun tí wọ́n fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé họ́mọ̀nù mìíràn tí ó ń ti inú ìfun jáde, GLP-1, a máa pọ̀ gidigidi lẹ́yìn oúnjẹ, a sì máa sọ fún ọpọlọ pé, 'Ó tó.'

Mo lè jẹ́rìí sí i. Ní oṣù kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo jókòó ti àwo oúnjẹ kan, mo jẹ òkèlè mẹ́rin, mo sì mọ̀ pé mo ti yó. Ó ti tó ogún ọdún tí irú yíyó bẹ́ẹ̀ ti bá mi kẹ́yìn. Mo sunkún. Gbogbo ọdún tí àwọn ènìyàn fi ń sọ pé n kò ní ìkóra-ẹni-níjàánu, ìròyìn yíyó ni kò dé etí ọpọlọ mi.

5. Ohun tí ìwádìí Swídìn kọ́ wa

Ṣé ìtura yìí a máa pẹ́? Kò sí ibi tí a ti lè rí ìdáhùn tí ó dára ju ilẹ̀ Swídìn lọ, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti ní sùúrù láti máa ka ọdún pẹ̀lú àwọn aláìsàn. Ní ọdún 1987, Lars Sjöström àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Gothenburg bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan. Wọ́n kó ènìyàn 2,010 tí ó yan iṣẹ́ abẹ, wọ́n sì fi wọ́n wé ènìyàn 2,037 mìíràn tí ó sanra bákan náà ṣùgbọ́n tí ó ń gba ìtọ́jú láìsí ọ̀bẹ. Wọn kò dìbò pín wọn, nítorí náà a gbọ́dọ̀ fi ìṣọ́ra ka èsì rẹ̀.

Èsì náà ni pé ìwọ̀n àwọn tí a kò ṣiṣẹ́ abẹ fún kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà ní ọdún mẹ́wàá: kò gòkè, kò sì sọ̀kalẹ̀ ju ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn tí a ṣe irú iṣẹ́ abẹ tèmi fún pàdánù ìdá 32 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n wọn láàárín ọdún kìíní sí èkejì. Ní ọdún kẹwàá, ìdá 25 ni ó kù tí wọn kò tíì gbà padà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú sí iye méjèèjì yìí, 32 àti 25. Ohun tí ó wà láàárín wọn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí. Ó fi hàn pé kí díẹ̀ nínú ìwọ̀n padà wá jẹ́ ìṣe ara. Ó sì tún fi hàn pé èyí tí ó pọ̀ jù kì í padà wá.

Ìwádìí tí a ṣe ní Utah, ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2017, sọ ohun kan náà: ní ìpíndọ́gba, àwọn aláìsàn pàdánù kílò 45 ní ọdún kejì, ní ọdún kejìlá, kílò 35 ni wọ́n ṣì fi fúyẹ́ ju ti ìbẹ̀rẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀mí gígùn, àwọn ará Swídìn kéde ní ọdún 2007 pé ènìyàn 129 ni ó ti kú nínú àwọn tí a kò ṣiṣẹ́ abẹ fún, 101 nínú àwọn tí a ṣe é fún. Ní ọdún 2020, wọ́n ṣírò rẹ̀ pé iṣẹ́ abẹ náà fi nǹkan bí ọdún mẹ́ta kún ẹ̀mí ènìyàn. Síbẹ̀, ẹ̀mí àwọn tí a ṣe é fún ṣì fi bí ọdún márùn-ún àbọ̀ kúrú sí ti gbogbo ará ìlú. Ọ̀bẹ ṣe iṣẹ́ ńlá. Kò parí iṣẹ́.

6. Bí mo ṣe sá pamọ́

Ní ọdún kejì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ mi, mo wálé fún ìgbéyàwó kan. Bí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti rí mi, ó káwọ́ lérí. Ó ní, 'Àbúrò mi, kí ni wọ́n fi ṣe ọ́ lọ́hùn-ún? Àìsàn wo ni ò ń fi pamọ́ fún wa?' Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bẹ̀rù, ara mi le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.' Kò gbà mí gbọ́. Ó gbé iyán kalẹ̀, ó sì dúró tì mí. Nígbà tí n kò lè jẹ ẹ́ tán, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún mi. N kò fẹ́ kí inú rẹ̀ bàjẹ́, mo mu ún. Kò pẹ́ tí àyà mi fi ń lù kìkì, tí òógùn bò mí, tí ojú sì ń ṣú mi. Ṣúgà tí ó bọ́ sínú ìfun lójijì ni ó fa á. Ṣùgbọ́n lójú àwọn ará ilé mi, ẹ̀rí àìsàn mi ti dé.

Mo padà sílé pátápátá láti wá máa kọ́ni ní ọdún 2015. Láti ìgbà náà ni ìwọ̀n mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Kì í ṣe àwo oúnjẹ ni ó ṣe é, nítorí n kò lè jẹ àwo kan tán. Pàánápàáná ni: ẹ̀pà díẹ̀, ṣinṣín díẹ̀, ohun mímu dídùn, tí mo ń jẹ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kì í dúró nínú àpò kékeré náà. Ní ọdún 2017, mo wọn kílò 109. Inú àwọn ènìyàn dùn. Wọ́n ní ara mi ti ń bọ̀ sípò.

Ìtìjú mú mi. Mo rò pé mo ti fi ẹ̀bùn ńlá ṣòfò. N kò kọ lẹ́tà sí àwọn tí ó ṣiṣẹ́ abẹ fún mi mọ́. N kò lọ sọ́dọ̀ dókítà kankan nílé, kí ó má baà gbé mi sórí ìwọ̀n. Mo sì dáwọ́ oògùn fítámì dúró, nítorí rírí ìgò rẹ̀ lásán ń rán mi létí ohun tí mo kà sí ìkùnà.

Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2018, mo jáde nílé, mo wọ mọ́tò, mo sì wo ẹsẹ̀ mi. Bàtà kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀. Èkejì ti yọ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ẹsẹ̀ mi kò sì mọ̀ ọ́n lára. Ẹ̀rù bà mí débi tí mo fi lọ sí ilé-ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò: fítámì B12 ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá lára mi. Àpòlúkù ni ó ń ran ara lọ́wọ́ láti gba fítámì yìí nínú oúnjẹ. Ẹni tí a sì ti yí ọ̀nà oúnjẹ padà lára rẹ̀ kò lè gbà á tó láìlo oògùn. Bí ó bá tán, iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára a máa kú díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́. Púpọ̀ nínú ìmọ̀lára náà padà. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì ṣì wà tí n kò mọ̀ lára títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí a mọ ohun tí ó fẹ́ sọ mí di arọ. Kì í ṣe kílò 13 tí ó padà wá. Ìtìjú kílò 13 náà ni. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

7. Ọ̀nà àtiṣọ́ ara

Àwọn ohun tí àwọn oníṣègùn kọ́ mi lẹ́yìn náà kò ṣòro láti sọ. Ṣíṣe wọn lójoojúmọ́ ni iṣẹ́.

Èkíní ni oògùn àti àyẹ̀wò. Fítámì B12, fítámì D, èròjà irin àti kálísíọ̀mù kò gbọdọ̀ já títí ọjọ́ ayé, a sì gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò lọ́dọọdún ó kéré tán. Ẹni tí ó bá ń bì léraléra gbọ́dọ̀ sáré lọ sí ilé-ìwòsàn, nítorí àìtó fítámì B1 lè ba ọpọlọ jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Èkejì ni ètò oúnjẹ. Oúnjẹ amáradàgbà ni kí a kọ́kọ́ jẹ nínú àwo: ẹja, ẹyin, ẹran, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín. Ẹ̀fọ́ ni ó tẹ̀lé e, òkèlè ni yóò kẹ́yìn. Kí a jẹ ẹ́ lẹ́nu dáadáa. Kí a má mu omi mọ́ oúnjẹ. Kí a dúró fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kí oúnjẹ ní àkókò tirẹ̀, kí ẹnu sì sinmi láàárín ìkan sí èkejì. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ni ó ṣe mí láǹfààní jù.

Ẹ̀kẹta ni ọtí. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2012 fi hàn pé wàhálà ọtí àmujù pọ̀ sí i ní ọdún kejì lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ tèmi, nítorí ọtí a máa yára wọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni ìrìn rínrìn àti gbígbé nǹkan tí ó wúwo, kí ẹran ara líle má baà bá ọ̀rá lọ. Ẹ̀karùn-ún kan àwọn obìnrin: ọmọ bíbí a máa yára ṣeé ṣe bí ìsanra bá dínkù, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi oyún sílẹ̀ fún bí oṣù 12 sí 18.

Ẹ̀kẹfà ni kí a padà sọ́dọ̀ dókítà nígbà tí ìwọ̀n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè, kí ó tó di púpọ̀. Ìrànlọ́wọ́ tuntun ti wà. Abẹ́rẹ́ semaglutide, tí ó ń ṣe bíi họ́mọ̀nù GLP-1 tí mo dárúkọ, dín ìwọ̀n àwọn tí ó lò ó kù ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀ 68, gẹ́gẹ́ bí ìwádìí ọdún 2021 ti fi hàn. A ti ń lò ó fún àwọn kan tí ìwọ̀n wọn padà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá a dúró, láàárín ọdún kan, ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù ni ó padà. Abẹ́rẹ́ náà kò parí iṣẹ́. Ìsanrajù jọ ẹ̀jẹ̀ ríru: kò sí ẹni tí ó ń sọ fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru pé ó ti kùnà nítorí pé ó tún ń lo oògùn.

8. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé iṣẹ́ abẹ fún ìsanrajù a máa yí ọ̀rọ̀ tí ikùn ń bá ọpọlọ sọ padà, pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àǹfààní rẹ̀ a máa pẹ́, pé díẹ̀ a sì máa padà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Kílò 102 ni mo wọ̀n báyìí. Mo fi kílò 36 fúyẹ́ ju ọjọ́ tí mo wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ. Ìyẹn jẹ́ ìdá 26 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì jìnnà sí ti àwọn ará Swídìn. Ní ọdún tí mo ń sá pamọ́, n kò mọ̀ pé èrò ọ̀nà kan náà ni èmi àti wọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀ mi, sí àwa tí a ń fi èdè ṣiṣẹ́. Bí a bá pàdé ẹni tí ara rẹ̀ ti yí padà, ẹ má jẹ́ kí 'o ti rù' tàbí 'o ti sanra' jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ẹnu wa jáde. Yorùbá ní ìkíni tí kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí a bi í pé, 'Ṣé àlàáfíà ni?' kí a sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti kọ́ ọ. Òun ni ó ń pè mí ní òwúrọ̀ báyìí láti béèrè bóyá mo ti lo fítámì mi.